Òṣùpá Pupa àti Àwọn Olùtọ́jú Ọgbà Ilẹ̀ Faransé

Ní ọjọ́ kan láàrin ọdún 1814 sí 1824 tí Louis Kejìdínlógún fi jọba ní ilẹ̀ Faransé, àwọn àgbà onímọ̀ ìràwọ̀ wọ ààfin lọ kí ọba. Ẹgbẹ́ wọn ni ìjọba dá sílẹ̀ ní 1795 láti máa tẹ ìwé jáde lọ́dọọdún lórí ìrìn oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀, wọ́n sì fẹ́ fi ìwé tuntun náà lé ọba lọ́wọ́. Laplace ni ó ṣíwájú wọn. Ọkùnrin yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìṣirò ìrìn òṣùpá débi pé ènìyàn díẹ̀ ni ó lè bá a dọ́gba nínú ìmọ̀ náà ní gbogbo ayé. Ọba rí wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní inú òun dùn pé wọ́n wá, nítorí wọn yóò lè sọ ohun tí òṣùpá pupa jẹ́ fún òun, àti bí ó ṣe ń ṣe irè oko níbi.

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Laplace, ẹni tí ó ti kọ ohun púpọ̀ nípa òṣùpá, kò tí ì ronú kan òṣùpá pupa rí. Ó wo ẹnìkejì rẹ̀ lójú, ẹnìkejì náà wo ilẹ̀. Nígbà tí kò sí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀, ó dá ọba lóhùn pé òṣùpá pupa kò ní àyè kankan nínú ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, àti pé nítorí náà àwọn kò lè tẹ́ ọba lọ́rùn lórí rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí ọba ti ń ta káàdì, ó fi ìdààmú àwọn ọ̀mọ̀wé yìí ṣe ẹ̀rín rín. Ẹ̀rín náà dé etí Laplace. Ó dìde, ó tọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ François Arago lọ ní ilé ìwòràwọ̀ Párísì, ó bi í bóyá ó lè bá òun tú kókó náà. Arago ṣèlérí pé òun yóò lọ bi àwọn olùtọ́jú ọgbà.

Ohun tí Arago ṣe yìí yẹ ní àkíyèsí, nítorí kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ni yóò gbà láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bàá ebè lọ́dọ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ó sì yẹ kí ìtàn padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ó lè hàn bí ọ̀rọ̀ òṣùpá ṣe dé inú ọgbà ní apá ayé yẹn.

Ọ̀rọ̀ àtayébáyé ni. Àwọn ará Róòmù gbà pé òṣùpá ni ó ń mú ọ̀rinrin wá sí ayé, àti pé bí ó bá ti ń kún ni oje igi àti ẹ̀jẹ̀ ẹran ń kún. Columella, ẹni tí a bí ní Gades ní ilẹ̀ Sípéènì, kọ òfin bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìn-ín-ní. Pliny, tí ó kú nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàmù ní ọdún 79, kọ ọ́ pé ohunkóhun tí ènìyàn bá fẹ́ gé, tàbí tí ó bá fẹ́ já, tàbí tí ó bá fẹ́ rẹ́ irun rẹ̀, ìgbà tí òṣùpá ń dín kù ni kí ó ṣe é, kí ó má baà bàjẹ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti di àṣà káàkiri Yúróòpù: ohun tí ń so lókè ilẹ̀, kí ènìyàn gbìn ín nígbà tí oṣù ń dàgbà, ohun tí ń ta gbòǹgbò, kí ó gbìn ín nígbà tí oṣù ń lọ, igi ìkọ́lé, kí ó gé e nígbà tí oṣù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ọ̀kùn. Àwọn ará Potogí àti Sípéènì gbé e kọjá òkun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará abúlé Brasil àti Kúbà, tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú wà lára àwọn baba ńlá wọn, ṣe mọ̀ pé igi tí a gé nígbà tí òṣùpá ń dín kù ni kòkòrò kì í jẹ.

Àwọn òfin náà kò sì bá ara wọn mu ní gbogbo ìgbà. Thomas Tusser, àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ewì kọ ìmọ̀ràn iṣẹ́ oko ní nǹkan bí irinwó ọdún ó lé sẹ́yìn, ní kí wọ́n gbin ẹ̀wà nígbà tí oṣù ń dín kù, bẹ́ẹ̀ òkè ilẹ̀ ni ẹ̀wà ń so sí. Àlàyé tirẹ̀ ni pé irúgbìn yóò sinmi nínú ilẹ̀, yóò sì bá oṣù tuntun jí. Àlàyé náà dùn-ún gbọ́. Àlàyé tí ó lòdì sí i náà dùn-ún gbọ́.

Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà, oṣù, ni ó dúró fún òṣùpá àti fún iye ọjọ́ tí ó fi ń lé títí yóò fi wọ̀ọ̀kùn. Síbẹ̀ òjò ni àgbẹ̀ Yorùbá ń wò kí ó tó gbin àgbàdo. Bí àkọ́rọ̀ òjò kò bá tí ì rọ̀, oṣù ìbáà lé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, inú àká ni irúgbìn yóò wà. Ó ní ìdí. Oṣù méjìlá ti òṣùpá kò ju ọjọ́ 354 lọ, ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún ti oòrùn, nítorí náà ẹni tí ó bá fi òṣùpá nìkan ka ìgbà, láìpẹ́ yóò bá ara rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ó rò pé òjò ni ó kàn.

Ọkùnrin kan tí ó dojú kọ ọ̀rọ̀ òṣùpá yìí nínú ọgbà ní ilẹ̀ Faransé, tí ohùn rẹ̀ sì dé ibi gbogbo, ni Jean-Baptiste de La Quintinie. Wọ́n bí i ní 1626 ní Chabanais. Amòfin ni ó kọ́kọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n ìwé Columella àti ti àwọn ará Róòmù yòókù, pẹ̀lú ìrìn àjò kan tí ó rìn lọ sí Ítálì, yí ọkàn rẹ̀ padà sí igi eléso. Ní 1670, Louis Kẹrìnlá fi í ṣe olórí gbogbo ọgbà eléso àti ọgbà ewébẹ̀ ọba. Láàrin 1678 sí 1683 ni ó kọ́ ọgbà tí òkìkí rẹ̀ kò tí ì parẹ́, ọgbà oúnjẹ ọba ní Versailles, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí hẹ́kítà 9.

Ibi tí ọba fún un kì í ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbàdúrà fún. Àbàtà ni, tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní adágún olóòórùn. Wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun Switzerland hú nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ adágún ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ dí i, lẹ́yìn náà wọ́n ru ilẹ̀ dáradára wá láti orí òkè Satory. La Quintinie la ọ̀nà omi sí abẹ́ ilẹ̀, ó sì pín àárín ọgbà náà sí igun mẹ́rìn-mẹ́rìn 16 yí adágún róbótó kan ká. Ó mọ odi gíga káàkiri, ó sì na ẹ̀ka igi eléso mọ́ ara odi náà bí ẹni na aṣọ sá, kí òkúta lè máa dá ooru oòrùn padà sí wọn lára.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ibẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ọgbà kékeré lẹ́yìn ilé, àfi pé ó pọ̀. Láti ilé ẹṣin ọba ni ìgbẹ́ ẹṣin ti ń wá, tí yóò ṣì gbóná. Wọ́n á kó o jọ bí ebè gígùn, wọ́n á bu ilẹ̀ lé e lórí, wọ́n á gbin nǹkan sí i, wọ́n á sì fi ìdérí dígí tí ó rí bí agogo bò ó. Ooru tí ń ti ìsàlẹ̀ wá àti ìmọ́lẹ̀ tí ń ti òkè wá ni yóò jùmọ̀ tan ewébẹ̀ náà jẹ pé ìgbà ooru ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni La Quintinie ṣe ń gbé asparagus ka iwájú ọba ní oṣù Kejìlá, nígbà tí òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi dì níta. Igi ọ̀pọ̀tọ́, tí ọba fẹ́ràn èso rẹ̀ gidigidi, ó gbìn wọ́n sínú àpótí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí wọ́n á fi lè gbé wọn wọlé bí òtútù bá dé. Ọba a máa dúró lórí pẹpẹ gíga tí ó yí ọgbà náà ká láti wo àwọn òṣìṣẹ́, ẹnubodè irin tí ó ń gbà wọlé sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹni tí irú iṣẹ́ báyìí wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè fi ìgbà gbígbìn ṣeré. Bí oúnjẹ kò bá dé orí tábìlì, òun ni wọn yóò bi. Nítorí náà ọ̀rọ̀ òṣùpá kì í ṣe àríyànjiyàn lásán fún La Quintinie. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1690, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń fi gbogbo ara ṣọ́ òṣùpá, láti mọ̀ bóyá ó yẹ kí olùtọ́jú ọgbà kà á sí. Ohun tí ó rí ní òpin gbogbo rẹ̀ ni pé àsọdùn àwọn olùtọ́jú ọgbà tí kò mọṣẹ́ ni. Kí ènìyàn fúnrúgbìn nígbàkigbà tí oṣù bá wà, kí ó so ẹ̀ka igi kan mọ́ ara igi mìíràn nígbàkigbà. Bí ilẹ̀ bá dára, tí irúgbìn bá dára, tí ọwọ́ bá mọ iṣẹ́, tí àkókò inú ọdún kò sì tako ó, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù àti ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ kò ní ìyàtọ̀. John Evelyn tú ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní 1693.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ka ìwé La Quintinie, wọ́n yìn ín, wọ́n sì ń wo òṣùpá lọ. Ó rọrùn láti pè wọ́n ní olóríkunkun. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn olùtọ́jú ọgbà fi ojú ara wọn rí, tí ìdáhùn La Quintinie kò kàn rárá. Ohun náà ni òṣùpá pupa.

Òṣùpá tí ó bá lé ní oṣù Kẹrin, tí yóò kún ní ìparí oṣù náà tàbí nínú oṣù Karùn-ún, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òṣùpá fúnra rẹ̀ kì í pupa. Ọ̀mùnú ewé ni ó ń pọ́n. Ní àkókò yẹn, igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé, àjàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, òdòdó èso sì wà lórí ẹ̀ka. Olùtọ́jú ọgbà yóò jáde ní àárọ̀ lẹ́yìn òru tí òṣùpá mọ́ rokoṣo, yóò bá ọ̀mùnú tí ó tutù yọ̀yọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pé ó ti pọ́n, ó sì ti rọ, bí ẹni pé iná rà á. Ìrì ti dì sí i lára. Ẹ̀wẹ̀, bí ìkùukùu bá bo òṣùpá mọ́lẹ̀ ní òru, ohunkóhun kì í ṣe é. Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ẹ̀rọ tí ń wọn ooru a máa fi hàn pé afẹ́fẹ́ òru náà kò tutù dé ibi tí omi fi ń dì. Kí ni ó wá kù tí ènìyàn yóò dá lẹ́bi, bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀ òṣùpá? Iṣẹ́ ọdún kan lè bá òru kan lọ. Ẹni tí irú àdánù bẹ́ẹ̀ bá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀kọ́ kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán gba ìgbàgbọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n sì ní ohun tí wọ́n fi ń gbèjà ara wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ojú ọ̀run bá mọ́, wọ́n á tẹ́ ẹní tí wọ́n fi koríko hun bo orí ebè àti orí ìdérí dígí. Ní àárọ̀, wọ́n á ká a kúrò. Ẹní náà kì í nípọn. Lójú ẹni tí ó kàwé, kò bọ́gbọ́n mu: báwo ni ẹní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò ṣe dí afẹ́fẹ́ tútù lọ́wọ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ náà ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá?

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni dókítà William Charles Wells. Charleston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1757, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ṣiṣẹ́. Ìrì ni ó jẹ ẹ́ lógún. Ó fẹ́ mọ ibi tí ó ti ń wá, ìdí tí ó fi ń sẹ̀ ní òru kan tí kì í fi í sẹ̀ ní òru kejì. Bí ara rẹ̀ kò tilẹ̀ le, ọ̀pọ̀ òru ni ó fi dúró sínú ọgbà kan lẹ́yìn ìlú, tí ó ń wọn òwú irun àgùtàn kí ó tó gba ìrì àti lẹ́yìn tí ó gbà á, tí ó sì ń tẹ́ ẹ̀rọ ìwọn ooru sórí koríko. Ohun tí ó rí yà á lẹ́nu. Ní òru tí ojú ọ̀run mọ́ tí afẹ́fẹ́ sì parọ́rọ́, koríko a máa tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Ooru inú rẹ̀ ń fò lọ sókè sí ojú ọ̀run tí ó ṣí sílẹ̀. Bí ìkùukùu bá wà, ìkùukùu náà a máa dá ooru padà fún un.

Wells kan igi kéékèèké mẹ́rin mọ́lẹ̀ nínú koríko, ó sì na aṣọ ìnujú kan tí ó fẹ́lẹ́ gidigidi lé wọn lórí, kò ga ju ìwọ̀n ínṣì 6 lọ sí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Síbẹ̀ koríko abẹ́ aṣọ náà gbóná ju èyí tí ó wà ní gbangba lọ, nítorí pé aṣọ dí ojú ọ̀run mọ́ ọn. Ìgbà náà ni ó rántí àwọn ẹní olùtọ́jú ọgbà. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìrì, tí ó jáde ní 1814, ó jẹ́wọ́ pé ìgbéraga ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ kò tí ì ju ààbọ̀ lọ ni òun fi ń rẹ́rìn-ín wọn tẹ́lẹ̀, àti pé ìdí tí ó tọ̀nà wà fún ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò pọ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ìjẹ́wọ́ tí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni ó kú.

Ẹ̀rí tí Wells rí ni Arago mú, tí ó fi lélẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí àwọn olùtọ́jú ọgbà, kókó náà sì tú. Ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, afẹ́fẹ́ òru lè wà ní ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì 4, 5 tàbí 6 sókè ibi tí omi ti ń dì. Ní òru tí ojú ọ̀run mọ́, ewé lè fi ìwọ̀n 7 tàbí 8 tutù ju afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà omi ara rẹ̀ yóò dì, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń sọ pé kò sí ewu. Òru tí ojú ọ̀run bá mọ́ náà ni òṣùpá yóò hàn. Òru tí ìkùukùu bá bò ó, òṣùpá kò ní hàn, ewé kò sì ní tutù dé ibẹ̀. Òṣùpá kò ṣe ewé ní nǹkan kan. Ó kàn wà níbẹ̀ nígbà tí ohun náà ṣẹlẹ̀ ni, bí ẹni tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí olè ń jáde, tí wọ́n wá mú un.

Ẹni tí ó bá mọ òru ọyẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní rí èyí bí àjèjì. Ìràwọ̀ á pọ̀ lójú ọ̀run, òtútù á sì mú ẹni tí ó sùn sí gbangba ju ẹni tí ó sùn sábẹ́ ìgànnà lọ, bí ìgànnà náà kò tilẹ̀ ní ògiri kankan.

Arago kò sọ pé irọ́ ni àwọn olùtọ́jú ọgbà ń pa. Ó ní ohun tí wọ́n rí jẹ́ òótọ́, pé ìdí tí wọ́n fi fún un nìkan ni kò tọ̀nà. La Quintinie, tí ó mọ iṣẹ́ ọgbà jù ú lọ lọ́nà gbogbo, kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìmọ̀ nípa bí ooru ṣe ń fi ohun kan sílẹ̀ kò tí ì tó bẹ́ẹ̀ ní ayé tirẹ̀.

Àwọn ìwé tí ń fi òṣùpá darí ọgbà kò tìtorí èyí tán. Ní oṣù Kẹfà 1924, Rudolf Steiner kọ́ àwọn àgbẹ̀ kan ní Koberwitz, tí ó wà ní ilẹ̀ Jámánì nígbà náà tí ó sì ti di ti Pólàńdì, pé agbára ojú ọ̀run ń ṣiṣẹ́ lára ohun ọ̀gbìn. Maria Thun, obìnrin ará Jámánì, gbé e síwájú. Láti 1963 ni ó ti ń tẹ kàlẹ́ńdà jáde lọ́dọọdún tí ó pín ọjọ́ sí ti gbòǹgbò, ti ewé, ti òdòdó àti ti èso, gẹ́gẹ́ bí òṣùpá bá ṣe ń gba àárín àwọn ìràwọ̀ kọjá. Ó kú ní 2012, àwọn ènìyàn sì ń ra kàlẹ́ńdà náà síbẹ̀. Hartmut Spiess, tí òun fúnra rẹ̀ wà láàrin àwọn tí ń dáko ní ọ̀nà Steiner, fi ọ̀pọ̀ ọdún dán an wò nínú oko, kò sì rí ohun tí Thun sọ. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Valencia ní ilẹ̀ Sípéènì gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò látòkèdélẹ̀, wọn kò rí ẹ̀rí kan tí ó ṣe é gbámú. Agbára tí òṣùpá fi ń fa ohun orí ilẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 200,000 ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú kò sì tó ìdá kan nínú 100,000 ti oòrùn ọ̀sán gangan.

Ọgbà ọba ní Versailles ṣì wà. Láti ìgbà tí ìjọba ti dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọgbà sílẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gé ẹ̀ka igi lára odi La Quintinie. Àwọn tí ń gbin ewébẹ̀ fún ọjà Párísì kò hun ẹní koríko mọ́ bí ti àtijọ́. Ní oṣù Kẹrin 2021, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ooru ti tan igi jẹ kí ó rúwé ṣáájú àkókò, òtútù sọ̀kalẹ̀ sórí àjàrà àti igi eléso jákèjádò ilẹ̀ Faransé. Àwọn àgbẹ̀ tan iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún sáàárín ọ̀wọ́ àjàrà ní òru, èéfín bo àfonífojì. Mínísítà ètò ọ̀gbìn wọn ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àjálù tí ó burú jù lọ tí ó bá iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí. Òṣùpá pupa ti ọdún náà kò tí ì lé. Èyí tí ó wà lójú ọ̀run ní àwọn òru náà ti gbó, ó ti ṣẹ́kù rẹ́rẹ́, kì í sì í yọ títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.